Ẹjọ́ Olórin Lọ́wọ́ Olùgbọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Ilẹ̀ Pupa ti Oklahoma

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, nítorí orin ni, kì í sì í ṣe orin ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ọ̀ràn ẹjọ́ dídá ni. Báwo ni ó ti yẹ kí ènìyàn ṣe ìdájọ́ oníṣẹ́ ọnà tí òun fẹ́ràn?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó mọ ohùn Jim Reeves, olórin kántírì ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1964. Nítorí tirẹ̀, àwọn kan rò pé ìlú Nashville nìkan, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo ńláńlá wà, ni gbogbo orin kántírì ti ń ṣàn wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí odò kọ̀ọ̀kan ti ní orísun tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè náà ní ohùn tirẹ̀. Èyí tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ lónìí ni ti Oklahoma.

Láti inú èdè àwọn Choctaw, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni orúkọ Oklahoma ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ènìyàn pupa. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà pupa, nítorí náà ni wọ́n fi ń pe orin àwọn ọmọ rẹ̀ ní Red Dirt, èyí ni erùpẹ̀ pupa. Ní Okemah, ní ìpínlẹ̀ yìí, ni a bí Woody Guthrie ní ọdún 1912. Ní gbọ̀ngán Cain's ní ìlú Tulsa sì ni Bob Wills àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré fún ijó ní àwọn ọdún 1930. Ní ẹ̀yìn wọn ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú Stillwater, níbi tí yunifásítì kan wà, bẹ̀rẹ̀ sí pé jọ ní ilé àtijọ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní The Farm. Níbẹ̀ ni àwọn tí ó ṣáájú, irú Bob Childers, ti ń kọrin, tí àwọn àbúrò sì ń kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ilé náà jóná ní ọdún 2003, ṣùgbọ́n orin náà kò bá a jóná.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ orin yìí. Èkínní ni ọ̀ràn ilé àti àjò. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ The Great Divide ti Stillwater bá ilé iṣẹ́ Atlantic dòwò pọ̀. Lórí irú ọ̀ràn báyìí, àwọn kan a máa wí pé ẹni tí ó bá fi orin ilé lé oníṣòwò lọ́wọ́ ti ta ogún rẹ̀. Àwọn kejì a sì dáhùn pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àti pé ohun rere kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ sínú àpótí. Lójú tiwa, àwo fúnra rẹ̀ ni kí a bi. Nígbà tí ẹgbẹ́ Cross Canadian Ragweed gbé àwo tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ọdún 2002, wọ́n fi ṣe ìrántí àbúrò onílù wọn, ọmọdébìnrin tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní ọdún tí ó ṣáájú. Títí di òní ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń pe àwo náà ní Purple, nítorí àwọ̀ èèpo rẹ̀. Owó ilé iṣẹ́ ni a fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí owó lè rà.

Èkejì ni ọ̀ràn àwo tí a ṣe nínú yàrá àti àwo tí a gbà sílẹ̀ lójú agbo. Ẹgbẹ́ Ragweed yìí kan náà gba orin wọn sílẹ̀ níwájú èrò ní Billy Bob's ní ìlú Fort Worth, ní Texas. Wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngán Cain's, nínú àwo tí ó jáde ní ọdún 2006. Àwọn kan fi orí lélẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí ni àwo tòótọ́, nítorí ohùn àwọn olùgbọ́ wà nínú wọn, ó ń gbe orin bí ègbè ti ń gbe ewì. Àwọn mìíràn ní ariwo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tí à ń wàásù mọ̀ pé ìwàásù tí a ṣe lórí àga ìwàásù àti èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ọ̀kan wà fún etí, èkejì wà fún àṣàrò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jùlọ. Ní ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ Turnpike Troubadours bẹ̀rẹ̀. Evan Felker ni olórí akọrin wọn. Àwo wọn Diamonds & Gasoline ti ọdún 2010, ọwọ́ Mike McClure, tí ó ti wà nínú The Great Divide rí, ni ó ti jáde; ẹ rí i bí àgbà ti ń fa ọmọdé lọ́wọ́. Àwọn olùgbọ́ wọn a máa tọ ipasẹ̀ àwọn ènìyàn inú orin wọn bí ẹni tí ń ka ìtàn: obìnrin tí ń jẹ́ Lorrie, tí a bá pàdé nínú àwo ọdún 2012, tún farahàn nínú ti ọdún 2017. Kì í ṣe olùgbọ́ aláìbìkítà ni ó ń ṣàkíyèsí irú èyí.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ náà dáwọ́ eré dúró. Felker fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ọtí fẹ́ ba ayé òun jẹ́, àti pé òun ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n padà sórí ìtàgé, ní gbọ̀ngán Cain's yẹn náà. Ní ọdún 2023, àwo A Cat in the Rain jáde. Nígbà náà ni ìjà ẹnu bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní orin náà ti tutù jù, iná àtijọ́ ti kú. Àwọn mìíràn ní ìtura ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe òtútù. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fẹ́ràn àwo àtijọ́ ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ nínú ilé tí ń jó, ṣé ó tọ́ kí a ní kí ó padà wọ inú rẹ̀ nítorí pé ijó rẹ̀ dùn nígbà tí iná ń lé e? Ìfẹ́ tí ó fẹ́ kí olórin máa parun kí orin lè máa dùn, ìfẹ́ ara ẹni ni, kì í ṣe ìfẹ́ olórin.

Bẹ́ẹ̀ ni sùúrù olùgbọ́ a máa ní èrè. Ní ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ Ragweed tú ká. Àwọn àgbà wa ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn olólùfẹ́ fi pa àwọn àwo náà mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹgbẹ́ náà àti Turnpike Troubadours pàdé ní pápá ìṣeré ńlá ti Stillwater, ìlú tí orin náà ti hù jáde. Òru mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣeré níbẹ̀.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀ràn àjèjì ni. Bánjò tí ó wà nínú orin kántírì, ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ó ti kọ́kọ́ jáde, igbá àti awọ ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Túndé King ń fi gìtá oníbánjò kọ jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ọmọ tí ó rìn jìnnà ni ó padà wálé. Ní ilẹ̀ wa, a mọ bí a ti ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, pàápàá nígbà tí ó bá dá orúkọ wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè to àwọn àwo olórin kan lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì sọ ohun tí ó yàtọ̀ nínú èkejì sí èkínní? Owó a máa bọ́ olórin. Ìmọ̀ olùgbọ́ ni ó ń tún orin ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ àwo tán kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, nítorí a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹ wo iṣẹ́ náà, ẹ má ṣe wo ẹni tí ó tà á. Ẹ má sì ṣe fẹ́ràn orin débi pé ẹ ó gbàgbé pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó ń kọ ọ́. Bí a bá ń ṣe báyìí fún olórin àjèjì, yóò rọrùn fún wa láti ṣe é fún tiwa.