Ẹni Tí Kò Wá Sípàdé: Ọ̀rọ̀ Ìlera Ọpọlọ fún Àwọn Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Kàdúná)

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ìbò, kì í sì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn lókè Ọya, aránṣọ kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kì í pa ìpàdé jẹ. Nígbà tí ó yá, a kò rí i mọ́. Ní oṣù kìíní, a ní iṣẹ́ ni ó dí i lọ́wọ́. Ní oṣù kejì, akọ̀wé bu owó ìtanràn lé e. Ní oṣù kẹta, a kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó na ọwọ́ sókè pé kí lẹ́tà náà lọ. Àṣé ọkùnrin náà kò rí oorun sùn mọ́; ó ń dá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lóhùn, ìyàwó rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí aládùúgbò má baà mọ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀bù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ti kúrò nílé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lẹ́tà wa ni ó pa òun lẹ́nu mọ́. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá lè bínú tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìpàdé, kí ni wọn yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́ pé orí ọkọ òun dàrú? N kò rí èsì fọ̀.

Ìbẹ̀rù obìnrin yìí kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ènìyàn 100, ó lé ní 96 tí ó gbà pé eléwu ni ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ. Ó lé ní 82 tí ó ní ẹ̀rù yóò ba òun láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìrora ẹbí ni òwe yìí ń sọ. Kò sọ pé àìsàn náà kò gbóògùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Yorùbá ni a ti fi ọ̀nà han ayé. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ, kí ó máa fọ aṣọ, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé, aláìsàn sì ń gbé láàrin ènìyàn. Ohun tí Aro kọ́ wa ni pé oògùn nìkan kò tó.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé ìwòsàn ti wúlò. Dókítà a máa wo àìsàn. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà a máa wo ilé tí aláìsàn yóò padà sí. Ta ni yóò máa rán an létí oògùn? Ṣé onílé kò tíì lé wọn? Ṣé iṣẹ́ ṣì wà? Ẹni tí ó jìnnà sílé lè má ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí. Ẹgbẹ́ yín ni ẹbí tí òṣìṣẹ́ náà yóò máa wá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa dá owó ọkọ̀ láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò gbà á, tí kò sì sí ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀, a kàn gbé ìṣòro kúrò níwájú ara wa ni. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níhìn-ín. N kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Àdúrà kò bá oògùn jà. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ààwẹ̀ tipátipá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ̀tọ́ ni ìtọ́jú jẹ́ fún aláìsàn ọpọlọ, a kò sì gbọdọ̀ yà á sọ́tọ̀ nítorí àìsàn rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò.

Èkínní, kí ẹ tó bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, ẹ rán ènìyàn méjì lọ wò ó nílé.

Èkejì, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Ẹ̀kẹta, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún owó ọkọ̀ àti oògùn, nítorí ìtọ́jú ọpọlọ kì í parí lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má bú u, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Aránṣọ tí mo sọ nípa rẹ̀ ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ fagi lé owó ìtanràn náà, a sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n títí tí mo fi kúrò ní ìlú náà, kò padà wá sípàdé. Ẹ jẹ́ kí ti ẹgbẹ́ yín yàtọ̀.