Ọjọ́ Karùn-ún Oṣù Kẹta: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ọjọ́

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan kọ̀ǹpútà náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn sínú ẹ̀rọ. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ ló lè gba owó ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú. Bàbá arábìnrin kan kú nípárí oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ ní kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo pẹ̀lú ẹkún. Lọ́jọ́ kejì ó mú rìsíìtì ìwọlé rẹ̀ wá. Akọ̀wé ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé: 5 March.

05/03 ni mo tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ètò Amẹ́ríkà ló wà lórí ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Nílẹ̀ wa, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù. L'Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni ẹ̀rọ kà. Ètò yìí ni à ń pè ní locale. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ àti aago nílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́ta ọ̀sán tí à ń kọ ní 3:00 p.m., 15 h 00 ni wọ́n máa kọ ọ́ ní Kútọnu.

Ẹ lè ní, ṣé n kò tètè rí i ni? Nígbà tí mo tẹ 25/03, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, nítorí kò sí oṣù 25 láyé. Mo tún ìyẹn ṣe, mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n nínú ọdún kan, ọjọ́ 144 ló wà tí nọ́ńbà ọjọ́ àti ti oṣù kò ju 12 lọ. Ẹ yọ 12 tí méjèèjì bára mu, bíi 5/5. Ó ku 132 tí ẹ̀rọ lè ṣì kà láìsọ nǹkan kan. Àṣìṣe tó dákẹ́ ló léwu jù.

Mo bẹ arábìnrin náà, wọ́n sì san owó rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti méfò. Inú fáìlì, ẹ kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2024-03-05. Ìlànà ISO 8601 nìyẹn, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1988. Tó bá di ká fi han èèyàn, ẹ jẹ́ kí locale ilẹ̀ rẹ̀ tò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ti Nàìjíríà wà níbẹ̀, ti Yorùbá náà wà.

Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ kọ orúkọ oṣù jáde. Orúkọ oṣù tí akọ̀wé kọ ló gba arábìnrin yẹn sílẹ̀.