Kí Ẹ Tó Da Àwo Màmá Yín Nù

Ìfẹ́ àwo orin àtijọ́ ti wọ̀ mí lẹ́wù, títí ayé sì ni. Orí gírámafóònù màmá mi àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àwo tí Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fi dárò Murtala Mohammed ní 1976. Lórí fóònù, mo máa ń fo orin. Àwo ò gba wàdùwàdù: mo jókòó, mo gbọ́ ọ dópin.

Níbí ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá ń kó ilé, àwo kì í pẹ́ dé ààtàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà: ta ló rà á, kí ló dé tó fi rà á? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. A ṣì lè rí abẹ́rẹ́ rà. Ẹnu tó mọ ìtàn àwo ni a ò lè rí rà.