Kí A Tó Mú Ajá Olùṣọ́-Àgùntàn Wọlé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Ṣùgbọ́n ajá tí a mú wọ ilé tí ọmọdé wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí a bá yàn án re, yóò jẹ́ ọ̀rẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ fún ilé náà fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Bí a bá ṣì í yàn, ó lè fa ẹkún, ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin aládùúgbò, ó sì lè fa ikú.

N kò ní lè sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ìran ajá tí ó wà láyé. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ mú, èyí tí àwọn ará ìlú ńlá wa mọ̀ dáadáa: ajá ńlá olétí ṣóńṣó nì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Alsatian. A ń rí i lẹ́yìn géètì l'Ékòó, a ń rí i n'Íbàdàn. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, iṣẹ́ wo ni wọ́n dá irú ajá yìí sílẹ̀ fún? Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí kò tí ì tó ẹni tí í rà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Orúkọ tí àwọn ará Jámánì tí wọ́n ni ín ń pè é ni Deutscher Schäferhund, ìyẹn ni ajá olùṣọ́-àgùntàn ti Jámánì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918, orúkọ Jámánì kò dùn létí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìran ajá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sínú ìwé wọn ní 1919, orúkọ Alsace, ilẹ̀ tí ó wà ní ààlà Faransé àti Jámánì, ni wọ́n fi pè é. Ó di 1977 kí wọ́n tó tún gbà kí á máa fi orúkọ rẹ̀ ti àkọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Orúkọ àfidípò yìí ni ó mọ́ wa lẹ́nu. Kò sì ṣe wá ní oore, nítorí pé ó yọ ọ̀rọ̀ "olùṣọ́-àgùntàn" kúrò lára ajá náà, ó wá kù wá ku ajá tí a rò pé ìbínú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin kan tí ń jẹ́ Max von Stephanitz ni ó fi ìdí ìran yìí múlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1899, ó lọ wo ìfihàn ajá ní ìlú Karlsruhe, ó rí ajá kan tí ń jẹ́ Hektor Linksrhein, ó rà á, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Horand von Grafrath. Ajá yìí ni wọ́n kọ ṣe ẹni kìíní nínú ìwé ìran náà. Ní oṣù kan náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìran ajá yìí. Ohun tí von Stephanitz tẹnu mọ́ ni pé ìwúlò àti làákàyè ni kí á fi máa wọn ajá náà, kì í ṣe ẹwà lásán.

Ìwúlò wo nìyẹn? Ní ìgbèríko Jámánì láyé ìgbà náà, oko ọkà àti ibi tí àgùntàn ti ń jẹko a máa fara kan ara wọn láìsí ọgbà kankan láàrin wọn. Ajá ni ọgbà náà. Yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ lórí ààlà bí ẹni tí ń wọn ilẹ̀. Bí àgùntàn kan bá na ọrùn sí oko olóko, ajá yóò sáré sí i, yóò dá a padà. Bí àgùntàn náà bá ṣe oríkunkun, yóò fi eyín dì í mú fìrí, yóò sì tú u sílẹ̀ láìdá ọgbẹ́ sí i lára. Bí olùṣọ́-àgùntàn bá wà lókèèrè, ajá ni yóò dá pinnu ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìbínú. Iṣẹ́ mímọ ààlà ni, iṣẹ́ ìfòyemọ̀ ni, iṣẹ́ ìkóra-ẹni-níjàánu ni.

Nígbà tí iṣẹ́ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí dínkù, làákàyè yìí kan náà ni wọ́n mú lọ fún ọlọ́pàá àti ológun. Ní 1916, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Oldenburg, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá láti máa tọ́ àwọn ọmọ-ogun tí ogun fọ́ lójú sọ́nà. Ní 1928, abo ajá kan láti inú ìran yìí, Buddy lórúkọ rẹ̀, di atọ́nà fún Morris Frank, ará Amẹ́ríkà kan tí kò ríran. Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ni ó jẹ́ ìwà àbínibí ajá yìí, ta ni ìbá fi ẹ̀mí afọ́jú lé e lọ́wọ́ láàrin ìgboro?

Ẹ wá jẹ́ kí a mú ajá ààlà yìí wá sínú ilé. Kò ní àgùntàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Yóò máa rìn yí ọgbà po títí ojú ọ̀nà kan yóò fi là sínú koríko. Yóò máa tẹ̀lé olówó rẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Bí àwọn ọmọ bá ń sáré nínú àgbàlá, yóò sáré yí wọn ká, ó sì lè fi eyín kan ọ̀kan ní gìgísẹ̀. Òbí tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò ní ajá náà ti ya ìkà, yóò fa kòbókò yọ. Ajá kò ya ìkà. Àwọn ọmọ ni ó sọ di agbo. Ohun tí ó yẹ ni pé kí á dá eré ìje náà dúró, kí á pe ajá sọ́dọ̀, kí á fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni kí á sì ti kọ́ ọ pé eyín kò gbọ́dọ̀ kan ara ènìyàn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ohun tí a ń ṣe ni pé a ń so ajá yìí mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, a ní kí ó má baà mọ ènìyàn, kí ó lè burú. Mo fẹ́ tako àṣà yìí gidigidi. Ajá tí kò mọ ènìyàn kò lè mọ àlejò yàtọ̀ sí olè. Ẹ̀rù ni yóò máa bà á, ajá tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ kàn án ni yóò bù jẹ: ọmọ aládùúgbò tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ já sínú ọgbà, tàbí ìyá àgbà tí ó wá kí wa. Ajá tí wọ́n dá láti máa ṣọ́ ààlà ni a fi ẹ̀wọ̀n gba ààlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà ni fún un, ewu sì ni fún wa.

Nígbà náà, ta ni ó yẹ kí ó ra irú ajá yìí? Ẹni tí ó ní àyè, tí ó ní àkókò, tí ó sì ní owó. Akọ rẹ̀ a máa wọ̀n tó ìwọ̀n kílò 30 sí 40, abo a máa tó 22 sí 32. Oúnjẹ rẹ̀ kò lè jẹ́ èéfọ́ oúnjẹ lásán. Ó fẹ́ ìrìn gidi lójoojúmọ́, ó sì fẹ́ ohun tí yóò máa fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe. Gbogbo ará ilé ni kí ó fohùn ṣọ̀kan kí á tó mú un wọlé. Bí ìpayà ajá bá wà lára ẹnìkan, tàbí tí ẹ̀sìn ẹnìkan kò gba ajá láàyè nínú ilé, kí á gbé e yẹ̀ wò ṣáájú.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ajá ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìbéèrè rere ni. Àwọn ọdẹ wa ti ń so ṣaworo mọ́ ajá wọn lọ́rùn wọ igbó tipẹ́tipẹ́. Oòrùn kò ni ajá ilẹ̀ wa lára tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ajá tí yóò gbó lóru nìkan ni a ń wá, òun ni kí á mú. Àjèjì aṣọ kì í sọni dọlọ́lá bí kò bá bá ara ẹni mu.

Ẹni tí ó bá ti pinnu láti ra ojúlówó ìran náà, kí ó má ṣe rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kí ó lọ sí ilé tí wọ́n ti bí i, kí ó rí ìyá rẹ̀, kí ó rí bàbá náà bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ìyá bá ń wárìrì tàbí tí ó ń fẹ́ bu gbogbo ènìyàn jẹ, ẹ padà sílé. Ìwé ìran dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í rìn. Ẹsẹ̀ ajá ni kí á wò. Àìsàn kan wà tí ó wọ́pọ̀ nínú ìran yìí, tí orí egungun itan kò fi ní jókòó dáadáa nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. A máa ti ara òbí ran ọmọ, ó sì lè sọ ajá di arọ. Nítorí náà, ẹ béèrè àwòrán X-ray ìbàdí àwọn òbí rẹ̀. Ẹ má sì fi oúnjẹ àjẹjù mú ọmọ ajá sanra kíákíá, nítorí pé ìyẹn a máa dá kún àìsàn náà.

Kí á má ṣe mú ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹrìnlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ láti mọ ayé. Ní àkókò yìí ni kí á jẹ́ kí ó rí ọmọdé, arúgbó, àti ọkùnrin onífìlà, kí ó gbọ́ ariwo alùpùpù àti ìlù. Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ti òtútù ni. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni kí á máa mú un rìn, kí òjìji àti omi má sì wọ́n ọn. Oúnjẹ rẹ̀, kí á pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ó má sì sáré kété tí ó bá jẹun tán, nítorí pé inú irú ajá bẹ́ẹ̀ lè wú kí ó sì lọ́ pọ̀, kí ó sì pa á láàrin wákàtí díẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, ajá kò mọ Yorùbá, kò sì mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìró ni ó mọ̀, àti ohun tí ó máa ń tẹ̀lé ìró náà. Bí bàbá bá ń wí pé "Jókòó," tí ìyá ń wí pé "Fìdí mọ́lẹ̀," tí ọmọ ń wí pé "Sídáùn," ta ni kí ajá gbọ́ tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ni kí gbogbo ilé máa lò fún iṣẹ́ kan. Bákan náà, orúkọ ajá láwùjọ wa a máa gùn, a máa jẹ́ òwe tí a fi ń bá aládùúgbò wí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a ó fi kọ́ ajá níṣẹ́, kúkúrú ni ó dára. Bí ó bá ṣe rere, kí á yìn ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí á fún un ní ẹran díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ajá tí a fi igi kọ́, igi nìkan ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi ni ti àrùn dìgbòlugi. Nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí ń mú, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ajá. Bí ajá bá ti tó oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì máa padà lọ ní àkókò tí ó bá dá fún yín. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ má sì dá ọmọ kékeré dá ajá, bí ó ti wù kí ajá náà níwà tó.

Ẹni tí ó bá ra ajá olùṣọ́-àgùntàn, òṣìṣẹ́ ni ó gbà sílé. Kí ó wá iṣẹ́ fún un, kí ó fi ààlà hàn án, kí ó sì bá a rìn lórí ààlà náà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó lè ṣe é. Ibí ni n ó ti dánu dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jókòó lè sọ tiwọn.