Ta Ni Wọ́n Kà? Ta Ni Wọn Kò Kà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Ìdí-Àràbà)



Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò mọ̀ pé iye kì í purọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó gbé e dání ni ó lè fi purọ́. Ọ̀rọ̀ kan tí èyí ti ń pa ènìyàn lára ni ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin, àti àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà ní àdúgbò wa yìí. Bí ẹnìkan bá ka àwọn tí ó wà lórí ibùsùn níbẹ̀, tí ó sì wí pé gbogbo ará Èkó ni ara wọn kò dá, a ó fi rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Paul Cameron ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1994. Ó ka ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ní àkókò tí àrùn AIDS ń pa wọ́n, ó sì wí pé díẹ̀ nínú wọn ni ó ń darúgbó. Kò ka àwọn tí ó wà láàyè.

Àwọn tí ń gbèjà wọn náà kò mọ́ tán. Ní 1948, Alfred Kinsey kọ ọ́ pé ọkùnrin 10 nínú 100 ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn tí ó ṣe é ní gbogbo ayé wọn kò ju 4 lọ. Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú àwọn tí ó kà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ti sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ènìyàn ayé.

Ilẹ̀ wa ńkọ́? Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní January 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò jẹ́wọ́ fún akọ̀wé tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Orí tí kò fara pamọ́ pàápàá dá aáwọ̀ sílẹ̀ nínú ìkànìyàn 2006: ìjọba àpapọ̀ ní ará Èkó jẹ́ 9,013,534, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17. Nítorí náà ẹni tí ó ní irú wọn kò sí láàárín wa, àti ẹni tí ó dárúkọ iye wọn gan-an, ohun tí wọn kò kà ni wọ́n ń sọ.

Ní 2013, àjọ Pew Research Center bi àwọn ará ilẹ̀ wa léèrè; 98 nínú 100 ní kò yẹ kí àwùjọ gbà á. Iye yẹn sọ èrò ọkàn wa. Kò sọ ìwà ẹni tí a ń rò nípa rẹ̀.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ fún, kí ó fi ẹ̀sìn sọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù ìṣirò. Ọmọ ẹni ni a lè tìtorí iye èké lé kúrò nílé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irú iye bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti ẹ̀yìn odi, àti àwa tí a ń gbà á nílé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè: ta ni wọ́n kà, ta ni wọn kò kà, kí sì ni wọ́n bi wọ́n?