Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Bèèrè Ìgbẹ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé àwọn kan ń jẹun lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ọdún méjì kan sùn lálẹ́, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kan kò gbé e mọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ó wá ní: "Màmá, ẹ bá wa gba ìgbẹ́ ọmọ yìí. Ti òní, àti ti ọ̀la."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú. Ìyá á ní ẹsẹ̀ lòún gbé wá, kì í ṣe inú. Ìyá ọkọ á ní ta ló fẹ́ gbé ìgbẹ́ ọmọ àwọn lọ síbi tí ojú àwọn kò tó. Ẹlòmíràn á dákẹ́, á ní òun ń bọ̀, kò ní padà débẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè ìyá yẹn kì í ṣe ìbéèrè aláìmọ̀kan. Ẹsẹ̀ ló rọ, kí ni ti ìgbẹ́ níbẹ̀? Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé gan-an wá ìdáhùn rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ibi tí kò sí ni wọ́n sì ń wá a sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní pólíò, ti wà láyé tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1908, dókítà méjì ní ìlú Vienna lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Austria, Karl Landsteiner àti Erwin Popper, wá ìdí rẹ̀. Àrùn náà ti pa ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan. Wọ́n mú díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gún un fún ehoro, wọ́n gún un fún èkúté, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n wá gún un fún ọ̀bọ méjì. Àrùn náà mú àwọn ọ̀bọ. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń ràn, tó sì kéré débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò nígbà náà kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì là ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lónìí.

Láti ìgbà náà, ọ̀bọ ni gbogbo ìwádìí. Ọ̀bọ sì wọ́n, ó ń jẹun, ó ń kú. Ní New York, ọ̀gá ńlá kan wà tó ń jẹ́ Simon Flexner, ní ilé ìwádìí Rockefeller. Irú ọ̀bọ kan tó ń ti Íńdíà wá ló ń lò. Tí o bá fi fáírọ́ọ̀sì yìí sẹ́nu irú ọ̀bọ yẹn, kò ní ṣe é. Tí o bá fi sí i nímú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Flexner wá pinnu pé imú ni àrùn náà ń gbà wọ inú ọmọ èèyàn, pé láti imú ló ti ń gba inú iṣan lọ tààrà sí ọpọlọ. Ó lókìkí, wọ́n gbà á gbọ́. Ohun tí ọ̀bọ sọ ni wọ́n gbọ́, wọn kò tẹ́tí sí ohun tí ọmọ èèyàn ń sọ.

Bẹ́ẹ̀, ní 1912, Carl Kling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ti rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ìfun àwọn aláìsàn. Inú ìfun! Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Ta ló san gbèsè rẹ̀? Àwọn ọmọ ni. Ní ìlú Toronto, ní Kánádà, ní 1937, wọ́n fọ́n oògùn sí imú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé kí pólíò má bàa wọlé. Kò dá àrùn náà dúró. Àwọn ọmọ kan nínú wọn ò sì gbóòórùn mọ́ lẹ́yìn náà.

Láti 1938 ni John Paul àti James Trask, ní yunifásítì Yale, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn, wọ́n tún rí i nínú omi ìdọ̀tí ìlú, àti lára eṣinṣin. Ní 1941, Albert Sabin àti Robert Ward yẹ òkú àwọn tí pólíò pa wò fínnífínní. Nínú ìfun, wọ́n rí i. Nínú imú, wọn kò rí i. Ọ̀rọ̀ imú parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ohun tí a mọ̀ lónìí nìyí. Ẹnu ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbà wọlé. Ó ń gbé inú ọ̀fun àti ìfun, ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i. Ó ń bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Dókítà obìnrin kan, Dorothy Horstmann, ló fi hàn ní 1952 pé ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó rọ, ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń gbé e dé ibi iṣan. Nínú nǹkan bí ọmọ 200 tó bá kó o, ẹyọ ọmọ kan péré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ. Àwọn tó kù lè ní ibà díẹ̀, wọ́n sì lè má ní nǹkan kan. Wọ́n á máa sáré kiri lábẹ́ àtẹ yín, wọ́n á máa ṣu fáírọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Torí náà, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ ní àdúgbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn nìkan. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn ló ní in lára, tó jẹ́ pé òun nìkan ló hàn.

Wàyí o, rírí i nínú ìgbẹ́ láìlo ọ̀bọ, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ní Boston, ní 1949, John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins mú kí fáírọ́ọ̀sì yìí dàgbà nínú ìgò, lórí ẹran ara èèyàn tí wọ́n ń tọ́jú láàyè. Kì í ṣe ẹran ọpọlọ nìkan, ti awọ àti ti ìfun náà ṣe é. Nǹkan kékeré kọ́ o. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1954. Ibi tí ọ̀bọ ti ń kú tẹ́lẹ̀, ìgò kékeré ti tó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù pé wọ́n á lọ fi ohun tó jáde lára ọmọ yín ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀rù yín ní ìdí. Ní 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ obìnrin dúdú kan, Henrietta Lacks, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kú lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé lára rẹ̀ kò kú, ó ń pọ̀ sí i nínú ìgò títí di òní. Pólíò máa ń dàgbà lórí rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee, ní Alabama, ló ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri láti fi mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Jonas Salk ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1955. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn ẹbí Henrietta Lacks tó gbọ́. Èmi ò rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ mú ìgbẹ́ wá, ẹ bi í: kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ibo ló ń lọ? Ìgbà wo la máa gbọ́ èsì? Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ bi í, kí ẹ sì fún un.

Àwọn ìbátan pólíò náà wà o. Ní 1948, Gilbert Dalldorf àti Grace Sickles mú ìgbẹ́ ọmọ méjì tí ẹsẹ̀ wọn rọ, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Coxsackie ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n fi gún ọmọ èkúté tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe pólíò, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni, wọ́n bá fi orúkọ ìlú náà sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí oríṣiríṣi nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ara wọn le koko. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì, wọn ò rí àrùn tó bí i, wọ́n bá ń pè wọ́n ní ọmọ òrukàn. Orúkọ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ọmọ òrukàn yìí ti wá fi àrùn wọn hàn nígbà tó yá, títí kan èyí tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ojú lásán kò lè mọ ohun tó mú ẹsẹ̀ rọ. Pólíò lè fà á. Ìbátan rẹ̀ lè fà á. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ìdí ọmọ tó sì bá iṣan lè fà á. Ẹ tún gbọ́ èyí: tí fáírọ́ọ̀sì pólíò bá ti wà lára ọmọ, tí ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri bá wá gún un torí ibà, abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ẹsẹ̀ náà rọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ pamọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ìgbẹ́ nìkan ló lè sọ bóyá pólíò wà níbẹ̀.

Irú yàrá àyẹ̀wò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Accra, ní Abidjan àti ní Dakar. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori, tó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka fáírọ́ọ̀sì ní yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tó so àwọn yàrá wọ̀nyí pọ̀ káàkiri Áfíríkà láti 1994. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ní awo nínú. Wọ́n á fi oògùn pa kòkòrò mìíràn inú ìgbẹ́ náà, wọ́n á da omi rẹ̀ sórí irú ẹran ara inú ìgò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa wò ó lójoojúmọ́. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ẹran náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa ṣí kúrò lára ìgò.

Ẹ wá gbọ́ ti ọjọ́. Láàárín ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń pọ̀ jù nínú ìgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín, torí pé kì í jáde nígbà gbogbo. Ìwọ̀n orí àtàǹpàkò àgbàlagbà tó. Inú ike tí nọ́ọ̀sì fún yín ni kí ó wà, ẹ má da omi sí i, inú yìnyín ni wọ́n á fi gbé e lọ. Ẹ̀yin kò ní san sẹ̀fà kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ babaláwo, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 14 kọjá níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣé wọn ò ti ní pólíò ti tán ni? Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé pólíò àtètèkọ́ṣe ti kúrò ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu, tí Sabin ṣe, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ á ṣu ú jáde. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára, á máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn fún ìgbà pípẹ́, títí á fi tún lágbára. Irú èyí ló ti ń mú àwọn ọmọ ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2019. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ẹ wò ó, àjẹsára náà ló fà á. Àìgbà á tó ni. Ní 2003, nígbà tí wọ́n dá àjẹsára dúró ní Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní àríwá Nàìjíríà, pólíò sọdá dé orílẹ̀-èdè púpọ̀, Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn. Kì í bèèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni létí odò Ọ̀pàrà. Láti 2021, wọ́n ti ń lo àjẹsára ẹ̀kán tuntun kan tó ṣòro kó tó tún lágbára padà, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó tètè lò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kán an fún ọmọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá, kódà tí ó bá ti gbà á rí.

Ohun kan kù. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, òṣìṣẹ́ ìlera á tún padà wá wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, bóyá ó ti ń rìn tàbí ó ṣì rọ̀. Tí ẹ bá ti kó lọ sí oko tàbí tí ẹ lọ na ọjà lódì kejì bọ́dà, ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún aládùúgbò, kó lè rí yín.