A1 Lójú Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ẹ fetí sílẹ̀. Nínú ìdánwò WAEC ní Nàìjíríà, láti máàkì 75 ni A1 ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ga jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà, 90 ni A ti ń bẹ̀rẹ̀. 75 níbẹ̀ kò ju C lọ. Bàbá tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 75 sínú fọ́ọ̀mù ti sọ ọmọ tí ó gbégbá orókè di ọmọ tí kò mọ̀wé tó!

Òǹkà wọn pàápàá dorí kodò sí ti WAEC. Lọ́dọ̀ WAEC, 1 ni ó dára jù, 9 ni ìkùnà. Lọ́dọ̀ wọn, A ni 4, D ni 1, ìkùnà sì ni òdo.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ẹ kọ A1 tàbí B3 gan-an bí ó ti wà nínú ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni yóò yí i padà. Èyí tí ó bá sì fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn yí i padà yóò sọ irú èyí tí ó fọkàn tán. Ẹ ka ìyẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.